Ọkọ́ Àwọn Baba Wa Wà Nínú Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ nílé lóko,

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ogún, adé, oríkì àti àwọn òkè ìlú wa ni a máa ń kà. Ọ̀kan wà tí a kì í dárúkọ: àbùdá tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa, Benin, ni àwọn onímọ̀ fi pe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀.

Ní 1954, Anthony Allison fi hàn pé ẹni tó jogún àbùdá yìí lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ní ààbò lọ́wọ́ ibà líle. Bí ibà ṣe ń pa àwọn ọmọ yòókù, irú wọn ń dàgbà, wọ́n ń bímọ, àbùdá náà sì ń pọ̀. Ní 1958, Frank Livingstone béèrè ohun tó ṣáájú ibà. Ó ní àgbẹ̀ ló ṣí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti gbin iṣu. Omi òjò dúró sójú kan, ẹ̀fọn sì rí ibi yé ẹyin sí.

Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Àwọn amòye kan ní àyíká ló ń ṣẹ̀ṣà ẹ̀dá, ẹ̀dá kò lọ́wọ́ sí i. Richard Lewontin kọ̀ jálẹ̀: ẹ̀dá a máa tún àyíká tó ń ṣẹ̀ṣà rẹ̀ ṣe. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́. Àwọn kan ń jiyàn pé àbùdá náà ju oko iṣu lọ lọ́jọ́ orí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bí nǹkan yàtọ̀ sí ohun tó sọ ọ́ di púpọ̀. Ọkọ́ tó bọ́ ìlú, tó bọ́ ààfin, lè ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Kí ló kan ẹgbẹ́ wa níbẹ̀? Títí dòní, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn léraléra, a ń pè é ní àbíkú, a sì ń fura sí ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá ni aláìsàn ti jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ní i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà nínú oyún kọ̀ọ̀kan.

Àwọn baba wa a máa wádìí ìdílé kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ. Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọ inú ìwádìí yẹn, kí àwọn àgbà sì máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìpàdé wa. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn dá sí ní ìwáṣẹ̀, ọwọ́ ènìyàn lè dá sí i lónìí.

A máa ń súre pé kí adé pẹ́ lórí. Àwọn ọmọ ni yóò wà lábẹ́ adé náà. Ẹ jẹ́ kí a dá wọn sí.