Ajá Ìgboro, Àwọn Olùyọ̀ǹda àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Tó Sá Lẹ́nu Iṣẹ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá dé ojú ọpọ́n ní Nàìjíríà, epo rọ̀bì, ètò ààbò àti ìdìbò ni ẹnu gbogbo ènìyàn máa ń wà lára. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ajá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, kí ó má wulẹ̀ ka ìwé tí alága fi síta nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lórí àga. Kí ó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ó sì ka iye ajá tó ń tú ààtàn.

Ní àwọn àdúgbò tí ìjọba ti pa tì ní Èkó, ní àwọn ìgbèríko tó yí Àbújá ká, àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn, àwọn kan wà tí wọ́n ti gba ọ̀ràn àwọn ajá wọ̀nyí kanrí láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olówó. Olùkọ́ ni ẹlòmíràn nínú wọn, nọ́ọ̀sì ni ẹlòmíràn, àwọn kan ṣì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko lọ́wọ́ ní yunifásítì. Ẹnìkan á rí ajá tí ọ̀kadà gbá sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, á ya àwòrán rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹlòmíràn á wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tí awakọ̀ rẹ̀ yóò gbà kí ajá wọlé, èyí tí kì í rọrùn, nítorí bí awakọ̀ kò bá bẹ̀rù eyín, á bẹ̀rù eégbọn. Dókítà ẹranko tó bá lójú àánú á gba ìdajì owó, á sì dúró de ìyókù títí di ìparí oṣù. Wọ́n á fún ajá náà lóògùn aràn, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó má baà bí sí i, wọ́n á sì so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé ẹnìkan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni wíwá olówó tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò mú un? Ṣé ilé rẹ̀ ní ọgbà? Ṣé onílé rẹ̀ gbà? Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wá ẹran ọbẹ̀ ni? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí kì í ṣe àwàdà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá náà ni wọ́n bí sínú ilé. Ẹnìkan lọ sí Kánádà, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì rántí fi ajá lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní 2023, ilé tí kò rí gààrí mu déédéé kò lè wá oúnjẹ ajá mọ́. Wọ́n ṣí géètì, ajá sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ṣì ní olówó, ṣùgbọ́n olówó tí kì í ju kí ó jẹ́ kí ajá sùn sí ẹnu ọ̀nà lálẹ́ lọ, tí kò sì ní dáhùn bí wọ́n bá bi í léèrè lójú ọ̀nà pé ajá ta ni èyí.

Ẹ̀gàn ni owó ọ̀yà àwọn olùyọ̀ǹda yìí. “Ebi ń pa ọmọ ènìyàn, ajá ni ẹ ń bọ́!” Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ aláàánú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ kò tíì bèèrè ẹni tí ajá ń bù jẹ.

Nínú ènìyàn 100 tí àrùn dìgbòlugi ń pa lágbàáyé, nǹkan bí 99 ló kó o lára ajá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn náà ń pa lọ́dún, àti pé ọ̀pọ̀ jùlọ wọn wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ajá tí wọ́n fura sí bù jẹ, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọmọ ta ni? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ rán lọ ra ata lẹ́yìn ọjà ni, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé ní àdúgbò tí ọkọ̀ kò dé. Kì í ṣe ọmọ sẹ́nétọ̀. Ọmọ sẹ́nétọ̀ wà nínú ọgbà tí odi yí ká, ajá tó wà níbẹ̀ sì mọ dókítà rẹ̀ lójú.

Bí àmì àrùn náà bá ti yọ, tí ìbẹ̀rù omi bá ti bẹ̀rẹ̀, ikú ló máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí nígbà gbogbo. Ohun tó lè gbani kí ó tó dé ibẹ̀ kò ju kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé ẹni náà lọ gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, láìfi epo tàbí àgbo dí ojú egbò. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ni, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, owó rẹ̀ sì ju agbára ẹni tó ń jẹun òòjọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ ti ajá kéré púpọ̀ sí i lówó. Kódà, kò di dandan kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú kí wọ́n tó rí i: ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó na owó ara rẹ̀ láti gún ajá kan lábẹ́rẹ́ ní ojúlé kọ̀tọ̀ kan kò fi ọmọ ènìyàn sílẹ̀ tọ ajá lọ. Ọmọ ènìyàn gan-an ló ń dáàbò bò.

Iṣẹ́ ta wá ni? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti dáhùn. Àfikún Kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ọ́ kedere pé ìṣàkóso sísìn àti ìrìn gbogbo ẹran àmúsìnlé wà lọ́wọ́ wọn. Inú àfikún kan náà ni kíkó ìdọ̀tí wà. Inú rẹ̀ ni ọjà àti ibi ìpa-ẹran wà pẹ̀lú. Kí ni ajá ìgboro ń jẹ? Ìdọ̀tí tí kánsù kò kó. Níbo ló ń sùn? Abẹ́ àtẹ ọjà tí kánsù ń gba owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Níbo ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lá? Ibi ìpa-ẹran tí ìfun ń ṣàn wọnú gọ́tà nítorí pé kò sí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Bí akọ̀wé ìjọba kan bá fẹ́ kọ ìròyìn lórí àìṣiṣẹ́ kánsù, kò níláti lọ jìnnà; ajá kan ṣoṣo tó ti re irun lẹ́yìn ọjà ti kó gbogbo ẹ̀rí náà jọ sára.

Kì í ṣe òfin ni kò sí. Òfin tó ní kí olówó ajá gba ìwé-àṣẹ wà nílẹ̀ láti ayé àwọn amúnisìn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì jogún rẹ̀ láìlò ó. Àwọn àgbàlagbà rántí ìgbà tí wolé-wolé ń wọ ilé wò, tí ìkòkò omi tí kò lómọrí pàápàá lè gbé ènìyàn dé kóòtù. Ẹ̀ka 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Owó tí kò lè ra búrẹ́dì kan ni ìjọba ṣì fi ń dẹ́rù ba ẹni tó bá da omi gbígbóná lu ajá. Àwọn aṣòfin tó ti tún owó oṣù ara wọn yẹ̀ wò lọ́pọ̀ ìgbà kò tíì rí àyè tún èyí wò.

Ọ̀rọ̀ ẹran ọbẹ̀ ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀sùn ni ó wà níbí. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ní Nàìjíríà ló ń jẹ ẹran ajá, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n màlúù tí wọ́n bá fẹ́ pa ní ọjà gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán nínú ìwé. Ajá ńkọ́? Wọ́n á di í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì, láìsí abẹ́rẹ́, láìsí ìwé, láìsí ẹni tó bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ti bá kòkòrò àrùn dìgbòlugi nínú ọpọlọ àwọn ajá tí ara wọn le, tí wọ́n pa fún jíjẹ ní Nàìjíríà. Alápatà ni ó kọ́kọ́ wà nínú ewu yìí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́.

Bí ajá bá sì bu ọmọ jẹ tán, tí àdúgbò bá figbe ta, ìdáhùn tó máa ń yá àwọn aláṣẹ lára ni ìbọn tàbí májèlé. Ó yá, ó sì ṣeé ya fọ́tò sí. Kò wúlò. Ajá tó rọrùn jù láti pa ni èyí tó sún mọ́ ènìyàn, òun gan-an ló sì ṣeé ṣe jù kí ó ti gba abẹ́rẹ́. Bí ó bá kú, òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ á wá gba ààtàn rẹ̀, nítorí pé oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí dìgbòlugi dé erékùṣù Bali ní Indonesia ní 2008, ọ̀kẹ́ àìmọye ajá ni wọ́n pa, àrùn náà sì ń tàn síwájú, títí wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára káàkiri erékùṣù náà ní 2010. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ wà ní N'Djamena, olú-ìlú Chad, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ààlà Borno. Ní 2012 àti 2013 wọ́n gún ajá ìlú náà lábẹ́rẹ́ títí ó fi kọjá ìdá 70 nínú 100, èyí tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó tó láti já okùn àrùn náà. Okùn náà já fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tó padà dé, láti ẹ̀yìn ìlú ló ti wọlé wá. Chad ni wọ́n ti ṣe èyí o, orílẹ̀-èdè tí àwọn olóṣèlú Àbújá máa ń fi ojú òtòṣì wò.

Àwáwí kan ṣoṣo ló kù fún kánsù: kò sówó, gómìnà ló jókòó lé e. Àwáwí náà ní òótọ́ nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí àsùnwọ̀n àjùmọ̀ni tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà kọjá lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Àwọn gómìnà fa ẹsẹ̀ lórí ìmúṣẹ rẹ̀, gbogbo ayé rí wọn. Ibo wá ni ohùn àwọn alága wà? Alága tí gómìnà fi orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìdìbò kò ní lọ bá gómìnà jà nítorí owó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ajá. Síbẹ̀, kánsù kan náà tí kò lówó abẹ́rẹ́ ń rí owó ra ẹ̀rọ ìlọta àti ọ̀kadà pín ní ọjọ́ ìrónilágbára, pẹ̀lú àwòrán alága gàdàgbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò lè lẹ àwòrán mọ́ ara ajá tó ti gba abẹ́rẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà.

Ìyìn tí wọ́n sì ń fún àwọn olùyọ̀ǹda wà lára ohun tó ń ba ọ̀ràn jẹ́. Aṣojú-ṣòfin á bá wọn ya fọ́tò, á ní ẹ kú iṣẹ́ ìlú, á sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyìn bẹ́ẹ̀ ń sọ iṣẹ́ ìjọba di ìwà rere ẹnìkan, ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀ a sì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Àwọn olùyọ̀ǹda fúnra wọn kò mọ́ pátápátá nínú èyí. Ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn ajá ju òṣèlú lọ, wọ́n á kúkú bẹ ọ̀rẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lówó ju kí wọ́n kọ ìwé sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wọn. Ajá tó ní irun jọ̀ọ̀lọ̀, tó ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára, kì í pẹ́ rí olówó. Ajá ìbílẹ̀ pupa rúsúrúsú lè lo ọdún méjì lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá sì fa mẹ́wàá lé olówó tuntun lọ́wọ́ lóṣù, abo kan tí kò rí iṣẹ́ abẹ lè bí mẹ́jọ dípò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí bí àánú ṣe lè sáré tó tí yóò lé ìyẹn bá.

Kí ẹnikẹ́ni má dá àjọ tuntun sílẹ̀ nítorí èyí. Àjọ tuntun túmọ̀ sí ọ̀gá àgbà, ọkọ̀ ńlá àti ilé-iṣẹ́ ní Àbújá. Ohun tó tó ni dókítà ẹranko kan ní ẹ̀ka ìlera kánsù kọ̀ọ̀kan, abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ fún ajá ní ọjà àti ní ilé-ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n ti kéde, ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń wá déédéé, àti ìwé-àṣẹ tí owó rẹ̀ kò ní lé tálákà sá. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àfojúsùn ọdún 2030 kàn, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn àjọ mìíràn gbé kalẹ̀ ní 2018 pé kí dìgbòlugi láti ara ajá má pa ènìyàn kankan mọ́. Ọdún náà kò jìnnà mọ́. Alága tó bá gbọ́n á pe àwọn olùyọ̀ǹda àdúgbò rẹ̀ jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á san gbèsè tí wọ́n jẹ dókítà, á sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mú ajá láìfi ọ̀pá lù ú.

Kí ó sì bi wọ́n léèrè ìwé wọn. Lọ́pọ̀ àdúgbò, ìwé ọmọléèwé olójú-ewé ọgọ́ta ni: àwọ̀ ajá, ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, nọ́ńbà fóònù ẹni tó mú un, àti gbèsè tó kù níwájú orúkọ dókítà. Òun nìkan ni àkọsílẹ̀ ajá tó wà ní irú ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí olùkọ́ kan ló sì wà.