Ọ̀nà tó já sí yàrá iṣẹ́ abẹ

Aboyún tó ń gbé ní Ìfàkì-Èkìtì kò jìnnà sí dókítà tó lè fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì kan náà ni Ìdó-Èkìtì wà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà. Ti ẹni tí ọmọ mú lóru ní abà kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé, tí kò sí ọkọ̀, yàtọ̀.

Ní 2021, àjọ WHO sọ pé nínú ọmọ 100 tí wọ́n ń bí lágbàáyé, 21 ló ń gba ojú abẹ wáyé. Ní Brazil, ó ju ìdajì lọ. Ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà, bíi 5 péré ni. Ṣé ìbàdí àwọn ìyá Brazil ló há ni? Rárá o. Lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ abẹ ni kò pọn dandan. Níhìn-ín, ẹni tó nílò rẹ̀ gan-an ni kì í rí i.

Ìbẹ̀rù abẹ náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Àdúrà pé kí aboyún bí wẹ́rẹ́ bí obìnrin Hébérù ti mú kí àwọn kan ka abẹ sí àbùkù.

Ní oṣù kọkànlá 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn aláìní yóò máa rí iṣẹ́ abẹ ìbímọ gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dára. Àmọ́ kí ni ọ̀fẹ́ fẹ́ ṣe fún ẹni tí kò rí ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn? Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ agbáláìsàn sí ìtòsí àwọn abúlé kí òjò tó tún ba ọ̀nà jẹ́.