Òkúta Tó Ń Béèrè Ilé Ẹni

A dúró lẹ́yìn okùn ní Stonehenge, níbi àwọn òkúta àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atẹ́gùn ń gbá wa lójú, ni ọmọbìnrin mi tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù bá bi mí pé, "Dádì, ta ló ni ín?"

Kí ni kí n sọ? Ó ti tó 4,500 ọdún tí wọ́n gbé àwọn ńláńlá inú òkúta náà nàró, láti òkè Preseli ní Wales ni wọ́n sì ti wọ́ àwọn kéékèèké wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà. Orúkọ tí mo rí fún un ni ti Cecil Chubb, lọ́yà tó ra gbogbo rẹ̀ ní gbàǹjo ní 6,600 pọ́n-ùn lọ́dún 1915, tó sì fi ta ìjọba lọ́rẹ ní 1918. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí.

Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ibẹ̀ o. Owó ìwọlé àgbàlagbà lé ní ogún pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́, tíì gbóná. Okùn yẹn pàápàá nídìí: láyé àtijọ́, òòlù làwọn àlejò fi ń fọ́ òkúta náà mú lọ sílé. (Àwọn òyìnbó náà ni o.)

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo mú un lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ifẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ni, gbọọrọ, ó ga ju mítà 5 lọ, ìṣó irin tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì wà lára rẹ̀. Kí ọmọ mi tó la ẹnu, bàbá arúgbó tó mú wa wọlé ti bi mí: "Ọmọ ibo ni yín?"

Mo ní ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ délé nìyẹn." Ṣé Ọ̀rányàn ló tẹ Ọ̀yọ́ dó.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ọ̀rányàn ti sọ pé bí ogun bá dé kí wọ́n pe òun. Lọ́jọ́ ọdún kan, àwọn kan mutí yó, wọ́n pè é lásán. Ó jáde, idà ń ṣiṣẹ́, àfìgbà tó rí i pé ará ilé òun lòun ń pa. Ló bá gbé ọ̀pá gúnlẹ̀, ó lóun ò jáde mọ́. Bí bàbá ṣe ju apá bí ẹni tó yọ idà, ẹ̀yìn mi lọmọ mi sá sí.

Ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó nìkan ló mọ nǹkan tọ́jú. Ọ̀kan nínú òkúta Stonehenge ṣubú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn 1900, 1958 ni wọ́n tó gbé e dìde. Ọ̀pá Ọ̀rányàn náà ti ṣubú rí, wọ́n sì tún un gbé ró. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Ní ibòmíràn tí mi ò ní dárúkọ, ẹni tó ń gbowó dá iye kan fún wa. Bó ṣe gbọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi, iye náà di ìlọ́po mẹ́ta. Rìsíìtì ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín.

Èyí tó tún burú ni pé àbúrò mi kan tó ti gbé Ifẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ tó sìn wá lọ ló kọ́kọ́ fojú kan Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Àwa ará Lọ́ńdọ̀nù ò sì sàn jù ú. Orí idẹ Ifẹ̀ kan tí wọ́n wú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 wà ní British Museum, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń wọlé. Ìgbà wo lẹ lọ kí i kẹ́yìn?

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún Kérésì, ẹ yà ní Ifẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ dání, ẹ mú náírà kéékèèké dání nítorí ṣéńjì, kí ẹ sì ti mọ oríkì ilé yín kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọn á bi yín.