Kí Ẹ Tó Ra Kápúsù Kẹta, Ẹ Bèèrè Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tòní, mi ò ní fi epo bọyọ̀ rárá.

Ní Rye Lane níbí, ní Peckham, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kémíìsì. Ó rọra sọ pé, "Àbúrò mi, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n yìí tún ti dé o." Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé láàárín ọdún kan. Kápúsù fluconazole kan náà ló ń rà. Ara á tù ú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yíyún á tún padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún orúkọ yẹn ṣe. Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la ti ń kó o. Ìwúkàrà kékeré kan tó ń jẹ́ Candida ló ń fà á, ó sì máa ń gbé ojú ara ọ̀pọ̀ obìnrin láìdá wàhálà sílẹ̀. Nínú obìnrin mẹ́rin, bíi mẹ́ta ló máa ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Candida pọ̀ lóríṣiríṣi. Albicans ló wọ́pọ̀ jù, fluconazole sì sábà máa ń ká a: kì í jẹ́ kó rí ergosterol ṣe, ìyẹn ọ̀rá tó fi ń ṣe awọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n glabrata gbọ́n: ó máa ń tu oògùn náà jáde. Albicans náà lè kọ́ ọgbọ́n yẹn tí oògùn bá ń kàn án lemọ́lemọ́. Lọ́dún 2022, WHO kó àwọn méjèèjì sínú àkójọ àwọn ìbátan olú tó léwu fún ènìyàn.

Iṣẹ́ software ni mò ń ṣe. Tí ètò kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, a lè pa á, ká tún un tàn. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣì ń pa á tó ń tàn án láìka log, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àyẹ̀wò ni log ara wa.

Èrò mi ni pé tí oògùn ò bá ṣiṣẹ́, tàbí tó bá ń padà ṣáá, ká yéé náwó sí kápúsù. Ẹ lọ bá GP yín, tàbí kílíníìkì ìlera ìbálòpọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò nílò lẹ́tà. Ẹ ní kí wọ́n fi òwú mú díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n gbìn ín ní lábù, kí wọ́n sọ irú Candida tó jẹ́ àti oògùn tó ká a. Ó tiẹ̀ lè má jẹ́ Candida. Tó bá jẹ́ bakitéríà ni, fluconazole ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú. Aláboyún ò sì gbọdọ̀ dá fluconazole lò.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ. Glabrata ni wọ́n bá. Oògùn mìíràn ni wọ́n fún un, èyí tí wọ́n ń fi sójú ara, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé mì. Ó ní kí n kọ ìtàn yìí, kí n ṣáà má dárúkọ òun.

Nílé tiyín ńkọ́, kí ni àwọn ìyá yín ń pè é? Ẹ bi wọ́n léèrè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.