Owó Ni Owó Ẹyọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di àkọ́sórí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, pé pàṣípààrọ̀ ọjà nìkan ni àwọn baba wa mọ̀ kí òyìnbó tó kó owó dé. Irọ́ ni. Èkejì burú jù ú lọ: pé nǹkan òrìṣà ni owó ẹyọ. Nítorí èyí ni obìnrin kan ní Ìbògùn ṣe da odidi àpò owó ẹyọ tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ sínú odò. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ ohun ẹbọ nínú ilé òun.

Ẹ jẹ́ kí á fi wé owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Láyé Henry Keje, tí ó jọba láti 1485 sí 1509, òòlù ni wọ́n fi ń lu owó fàdákà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya àgbélébùú sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ Ọlọ́run sí òmíràn lára. Àwọn olè a máa rẹ́ etí rẹ̀ jẹ. Ní ìjọba Henry yìí náà ni wọ́n kọ́kọ́ lu owó tí ó wá di ṣílè, èyí tí àwa pàápàá ná títí di 1973. Lónìí, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ni wọ́n ti ń tọ́jú owó náà. N kò tíì gbọ́ kí Gẹ̀ẹ́sì kan pè é ní ohun ìbọ.

Kí ni owó ẹyọ fi kéré sí i? Erékùṣù Maldives nínú Òkun Índíà ni wọ́n ti ń kó o wá. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá kún ọ̀kẹ́ kan. Àpò gan-an ni ọ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá pe 20,000 ní ọ̀kẹ́ kan, owó ẹyọ ni ó ń kà láìmọ̀. Ní 1887, míṣọ́nnárì kan, Adolphus Mann, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kíka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún ni ó bí ètò òǹkà Yorùbá. Nígbà tí àwọn oníṣòwò Hamburg sì da owó ẹyọ Zanzibar sí Èkó ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ńṣe ni iye rẹ̀ já wálẹ̀. Ṣé ohun ìbọ ni iye rẹ̀ ń já bẹ́ẹ̀?

Òótọ́ ni pé babaláwo ń lò ó. Náírà ni a ń sọ sínú igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tí ó sọ pé náírà kì í ṣe owó mọ́.

Ẹni tí ó bá ṣì ní í nílé ní Ìbògùn tàbí ní Ifọ̀, kí ó má dà á nù. Kí olùkọ́ ìṣirò lọ tọrọ ogójì lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sín in sí okùn, kí ó sì fi í kọ́ iwájú kíláàsì.