Ojú Àpá Kì í Jọ Ojú Ara: Ọ̀rọ̀ Lórí Òwú Tí Ó Ń Gbé Oògùn Wọ Inú Ọgbẹ́

Òwe tí ó sọ pé ojú àpá kì í jọ ojú ara jẹ́ èyí tí àwọn àgbà sábà máa ń pa nígbà tí ìjà bá ti parí, tí wọ́n ti pẹ̀tù sí àwọn tí ó jà nínú, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ìfẹ́ àárín wọn kò lè rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn gan-an ni àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti wò ó kọ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì, nítorí náà ó yẹ kí àlàyé rẹ̀ padà sí ojú ọgbẹ́, pàápàá ní àkókò yìí tí àwọn onímọ̀ ń ṣe òwú tí kò mọ sí síso ẹran ara pọ̀, àmọ́ tí ó tún ń gbé oògùn tàbí àtè wọ ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà.

Ohun tí ojú lásán rí yìí ni ìwádìí ìjìnlẹ̀ ti fi òṣùwọ̀n gbè lẹ́yìn. Bí abẹ bá la awọ ara, ara a máa fi fọ́nrán kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn dí àlàfo náà. Nínú awọ tí kò farapa, àwọn fọ́nrán yìí hun mọ́ra wọn bí ẹní, ṣùgbọ́n nínú àpá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, bí koríko tí ọ̀gbàrá wọ́ kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, agbára ojú ọgbẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára awọ tí ó wà ní pípé lọ, bí ó sì ti wù kí ó pẹ́ tó, agbára àpá kì í kọjá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Òwe náà kò bù mọ́ ọ̀rọ̀ rárá. Láàárín àkókò tí ara kò tíì lè di ara rẹ̀ mú ni òwú ń bá a gbé ẹrù; irú èyí tí ń yọ́ fúnra rẹ̀ a máa pàdánù agbára rẹ̀ kí ó tó yọ́ tán, yíyọ́ tán náà sì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 56 sí 70 fún òwú Vicryl tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò.

Òwú yìí kan náà, àlejò ni nínú ara, kòkòrò àìfojúrí sì máa ń fẹ́ràn láti sá pamọ́ sí ibi tí òwú gbé lọ́ mọ́ra, níbi tí oògùn tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, ọgbẹ́ a kẹ̀, a sì máa ṣe ọyún, àpá tí ì bá jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ a wá fẹ̀, a sì le. Nítorí èyí ni Joseph Lister, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi rẹ òwú tí wọ́n fi ìfun àgùntàn ṣe sínú ásíìdì kábólíìkì, tí ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1869. Nítorí náà, èrò pé kí òwú gbé oògùn dání ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Ní ọdún 2002 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òwú Vicryl Plus, tí wọ́n fi triclosan, oògùn apakòkòrò, bò lára. Ti àtè yàtọ̀ díẹ̀: abẹ́rẹ́ nípọn ju òwú tí ó tẹ̀lé e lọ, ihò tí ó bá dá a máa fẹ̀ ju òwú lọ, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara a sì máa jò gba ibẹ̀, pàápàá lára òpó ẹ̀jẹ̀; òwú tí ó gbé àtè dání ni àwọn onímọ̀ fẹ́ kí ó dí ihò náà bí ó ti ń kọjá. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lẹ́nu, nítorí ìlú tí ó ń ki Tìmì Àgbàlé, jagunjagun tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, ní Ọlọ́fà-iná ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí ọfà gbé dání lè lágbára ju ẹnu ọfà lọ. Àgbẹ̀ tí àdá bá sì ṣá lẹ́sẹ̀ lóko, ewé Akíntọ́lá ni ó ń fún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ìyẹn ni pé kí oògùn dé ibi tí ìpalára wà láìkọ́kọ́ yí gbogbo ara ká.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí àwọn oníṣẹ́ abẹ lo òwú oní-triclosan. Ìdánwò tí wọ́n wá ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa mú ìbéèrè wá. Ìwádìí FALCON, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesoji Ademuyiwa ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn aṣíwájú rẹ̀, gba aláìsàn 5,788 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ikùn, ní ilé ìwòsàn 54 ní orílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà, Benin àti Gánà wà nínú wọn. Èsì rẹ̀, tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 2021, fi hàn pé òwú oní-triclosan kò dín àkóràn kù ju òwú lásán lọ, àti pé ọgbẹ́ bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kó àkóràn.

Kì í ṣe pé òwú náà kò wúlò níbòmíràn. Ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á ni pé oògùn ara òwú nìkan kò lè borí ìdọ̀tí tí ó bá ti wọ inú ọgbẹ́ ṣáájú òwú. Ní 2022, ìwádìí mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ChEETAh fi hàn, láàárín aláìsàn 13,301 ní ilé ìwòsàn 81 ní àwọn orílẹ̀-èdè méje kan náà, pé bí àwọn oníṣẹ́ abẹ bá pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ wọn kí wọ́n tó rán ikùn pa, àkóràn a máa dín láti ìdá 18.9 sí 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, bí ẹni mẹ́ta ni kò ní í mọ ìrora ọgbẹ́ tí ó kẹ̀, nítorí ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ tuntun.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ẹbí aláìsàn ni wọ́n ń fún ní ìwé láti lọ ra òwú, ìbọ̀wọ́ àti gbogbo ohun èlò, nítorí náà ìyá tí ó gbé ọmọ rẹ̀ láti Alájùé ní Ẹdẹ lọ fún iṣẹ́ abẹ ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀ lè rò pé òwú tí ó wọ́n jù ni ìfẹ́ tí ó jinlẹ̀ jù. Ẹni tí ó bá gba òwe yìí gbọ́ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí àpá bá ti hàn, nítorí iṣẹ́ tí ó lè mú kí àpá kéré, kí ọgbẹ́ tó di rírán pa ni wọ́n ti í ṣe é. Kí àwọn alákòóso ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jọ̀wọ́ fi ìbọ̀wọ́ kejì àti irinṣẹ́ mímọ́ kejì sí yàrá iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó ná owó sórí òwú olówó ńlá, kí àwọn ẹbí sì béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n tó gbé ènìyàn wọn wọ yàrá náà, bóyá ìbọ̀wọ́ kejì wà nílẹ̀.