Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Gba Nọ́ńbà

Warri ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí mo bá tẹ̀lé bàbá mi délé lásìkò ọdún, ohun tí àwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ọmọ ta ni ẹ́? Agbo ilé wo?" Inú máa ń bí mi. Ọdún tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé ọgbọ́n ń bẹ nínú ìbéèrè yẹn, nọ́ńbà ló sì kọ́ mi.

Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí òjò ní Warri. Mo kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kan: "Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ àkọsílẹ̀ òjò Warri." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo béèrè náà ni wọ́n fún mi: ọjọ́ lápá òsì, nọ́ńbà lápá ọ̀tún. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, mo ṣírò, ó sì ku díẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé oṣù Keje ọdún kan wà tí òjò kò rọ̀ rárá. Oṣù Keje, ní Warri tí òjò rẹ̀ máa ń ju 2,500 milimítà lọ lọ́dún, tí aṣọ kì í ráyè gbẹ lórí okùn! Olùkọ́ mi wò mí títí, ó ní, "Òdo yìí, ṣé òjò kò rọ̀ ni, àbí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n?" Mo padà lọ béèrè. Ẹ̀rọ ìwọ̀n-òjò ló bàjẹ́ lóṣù náà, ẹni tó tẹ àkọsílẹ̀ sì fi òdo dí àyè tó ṣófo.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé iṣẹ́ náà ló jẹ̀bi. Èmi kò sọ pé wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹni tó fẹ́ àkọsílẹ̀ ló yẹ kó béèrè oríkì rẹ̀. Oríkì yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní metadata.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Èkíní, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ṣé orí koríko ni tẹmómítà wà, àbí àárín kọnkéré àti páànù? Ṣé wọ́n ti gbé ibùdó náà kúrò níbi tó wà rí? Bí wọ́n bá gbé e láti àárín ìgboro lọ sí pápá, nọ́ńbà lè sọ pé ìlú ti tutù sí i, irọ́ sì ni. Èkejì, irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò, àti bó ṣe ga sílẹ̀ tó. Ẹ̀kẹta, àkókò. Aago mẹ́fà òwúrọ̀ GMT, aago méje tiwa ni. Òjò tí wọ́n wọ̀n láàárọ̀, òní ni wọ́n kọ ọ́ sí ni, àbí àná? Ẹ̀kẹrin, àmì tí wọ́n fi dípò ohun tí wọn kò wọ̀n.

Ẹ má sọ pé ẹ ó gba tiyín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkọsílẹ̀ ERA5 tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ láti Yúróòpù ní oríkì tirẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe tẹmómítà ìlú wa ni nọ́ńbà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò rẹ̀ fún ìpín ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà 31. Ìgboro, odò àti igbó lè para pọ̀ sínú ìpín kan ṣoṣo.

Àṣìṣe yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Lọ́dún 2011, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Iain Stewart yẹ iṣẹ́ 190 wò lórí bí ìgboro ṣe ń gbóná ju ìgbèríko lọ. Mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò ṣàlàyé tó nípa ẹ̀rọ àti ibi ìwọ̀n. Ó sì ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn nọ́ńbà wọn tí kò ṣeé gbè lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè ní, "Máàkì ni mo ń wá, kí n sáà ti jáde." Ẹ rò ó dáadáa. Bí ẹlòmíràn bá ka iṣẹ́ wa, tó fi òdo mi yẹn ṣírò, òjò á dín lójú rẹ̀, gọ́tà tó máa gbẹ́ á kéré. Omi kò ní béèrè máàkì wa kó tó wọ yàrá ẹni ẹlẹ́ni ní Effurun.

Àbá mi nìyí: kí ẹgbẹ́ wa tọ́jú lẹ́tà àwòkọ kan tó ní ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀nyí nínú, kí ẹni tó bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ máa rí i lò. Bí wọ́n bá dáhùn méjì, ẹ kọ méjèèjì sínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò rí ìdáhùn méjì yòókù. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ti jìn, ẹ má bá mi jìn.